Délíkò: Ìtàn Àsìkò Iná Nínú Ẹ́ńjìnì, Láti Kamina Dé Anié

Ìlú Anié wà lójú ọ̀nà ńlá tó ti Lomé etí òkun gba Atakpamé lọ sí Sokodé, títí dé ẹnubodè Burkina Faso. Àwọn ọmọ Ifẹ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní Ana wà lára àwọn tó tẹ̀dó sí agbègbè náà, wọ́n sì gbà pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá àwọn ti ṣí wá. Láti ìgbà tí ọ̀nà yìí ti di ọ̀nà mọ́tò, iṣu, àgbàdo, òwú, ìrèké àti èrò ọjà ló ń gba orí rẹ̀ kọjá. Nínú ẹ́ńjìnì àwọn ọkọ̀ tó ń kó wọn, ohun kékeré kan wà tí ènìyàn kì í rí àfi bó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Délíkò ni wọ́n ń pè é ní Togo; ní Nàìjíríà, dìsìtíríbútọ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pín iná fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan lásìkò tó yẹ: kò gbọdọ̀ yá jù, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ jù. Ìtàn bó ṣe di ohun tó jẹ́, àti bí wọ́n ṣe wá ń yan èyí tó bá ẹ́ńjìnì kan mu, ti lé ní ọgọ́jọ ọdún.

Ọdún 1860 ni a lè fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún náà, Étienne Lenoir, tí wọ́n bí sí ilẹ̀ tó di apá kan Belgium lónìí, ṣe ẹ́ńjìnì onígáàsì kan ní Paris. Bátìrì àti kọ́ìlì ló fi ń ta iná sínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnì náà ń jẹ gáàsì púpọ̀, agbára rẹ̀ kò sì tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé iná mànàmáná lè ṣáná sí ohun tó wà nínú sìlíńdà. Nígbà tó di ọdún 1876, Nikolaus Otto ní Jámánì gbé ẹ́ńjìnì onígbésẹ̀ mẹ́rin jáde: kí ó fà sínú, kí ó fún un pọ̀, kí ó jó o, kí ó tú èéfín dànù. Otto kò gbẹ́kẹ̀ lé iná mànàmáná; iná gidi tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì ló ń gbà wọlé. Páìpù gbígbóná ni Gottlieb Daimler lò ní tirẹ̀. Karl Benz ló padà sí bátìrì àti kọ́ìlì nínú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gba ìwé àṣẹ fún ní ọjọ́ 29 oṣù Kínní ọdún 1886. Láti ọjọ́ náà lọ ni ìtàn ọkọ̀ àti ìtàn iná rẹ̀ ti wé mọ́ra.

Ẹ́ńjìnì ayé ọjọ́un kì í sáré. Ti Benz kò yí ju nǹkan bíi ìgbà 400 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àsìkò iná le nígbà náà. Àdàpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ tó wà lórí písítìnì kì í bú gbàmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń jó lọ láti ẹnu púlọ́ọ̀gì dé ògiri sìlíńdà, bí iná tí àgbẹ̀ ṣá sí etí oko kan ṣe ń rìn dé etí kejì. Ìrìn náà ń gba nǹkan bíi ìdá 2 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá. Kí agbára rẹ̀ lè bá písítìnì nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́rí padà wálẹ̀, iná gbọ́dọ̀ ti ta kí písítìnì tó dé òkè pátápátá. Bí kíráǹkì, ọ̀pá tí písítìnì ń yí, bá ń yí ní ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bíi 10° ni yóò yí láàárín àkókò kékeré yẹn. Bí ó bá ń yí ní ìgbà 3000, ó ti di 36°. Iná tí ó tó fún ẹ́ńjìnì tó ń mí jẹ́jẹ́ yóò ti pẹ́ jù fún ẹ́ńjìnì kan náà nígbà tó bá ń sáré. Gbogbo ohun tí àwọn oníṣẹ́ ṣe sí délíkò láàárín ọdún 1890 sí 1990, wíwá ojútùú sí ìṣirò kékeré yìí ni.

Àwọn Faransé ló kọ́kọ́ ko ìṣòro náà lójú. Láti nǹkan bí ọdún 1895, ẹ́ńjìnì kékeré ti De Dion-Bouton ń yí ní ìgbà 1500 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó jẹ́ eré àsápajúdé nígbà náà. Wọ́n fi kámù kékeré kan sí i tó ń ṣí ẹnu irin méjì, tó sì ń pa á dé, kí iná lè ta ní ìgbà tí a fẹ́ gan-an. Irin ẹnu méjì yìí ni baba ńlá ohun tí àwọn mẹkáníìkì Nàìjíríà ń pè ní kọ́ńtáàtì, tí àwọn ti Togo sì ń pè ní fíísì-plátínè. Ní ọdún 1897, ilé iṣẹ́ Robert Bosch ní Stuttgart so mágínẹ́tò mọ́ ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ti De Dion-Bouton. Mágínẹ́tò fúnra rẹ̀ ló ń ṣẹ̀dá iná, kò nílò bátìrì. Nígbà tó di ọdún 1902, Gottlob Honold, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Bosch, parí mágínẹ́tò alágbára tó ń fi iná ránṣẹ́ tààrà sí púlọ́ọ̀gì. Fún ogún ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó níyì ló ń lò ó.

Ní àkókò kan náà, ilẹ̀ tí Anié wà ti bọ́ sábẹ́ Jámánì. Ní ọdún 1884 ni Gustav Nachtigal tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn etí òkun Togo, ní ọdún 1911 sì ni ọkọ̀ ojú irin láti Lomé dé ẹ̀gbẹ́ Atakpamé. Láàárín ọdún 1911 sí 1914, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ wáyà aláìlókùn sí Kamina, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atakpamé kan náà, kí Jámánì lè máa bá Togo sọ̀rọ̀ láti Nauen nítòsí Berlin. Iná tó ń ta láàárín àwọn àwo irin ni ẹ̀rọ Telefunken náà ń lò láti ránṣẹ́, ìmọ̀ kọ́ìlì àti àlàfo sì ni ìdí rẹ̀, bíi ti púlọ́ọ̀gì mọ́tò. Ẹ̀mí Kamina kò gùn. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1914, àwọn ará Jámánì fúnra wọn ba òpó àti ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́, kí wọ́n má bàa bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ 26, wọ́n túúbá. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi jẹ́ pé iná mànàmáná alágbára ti ta ní agbègbè yìí kí mọ́tò tó di ohun tí ojú mọ̀ níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àsìkò iná ṣì wà lọ́wọ́ awakọ̀. Ford Model T, tó jáde ní ọdún 1908, tí wọ́n sì ṣe ju mílíọ̀nù 15 lọ kí ó tó dópin ní ọdún 1927, ní ọ̀pá kékeré kan ní apá òsì ìdarí. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ yí ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀pá náà fa iná sẹ́yìn. Bí ó bá gbàgbé, iná yóò ta kí písítìnì tó dé òkè, ọ̀pá tó ń yí yóò sì ta padà, yóò ṣẹ́ ọwọ́ tàbí ọrùn ọwọ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń lọ, awakọ̀ yóò ti ọ̀pá náà síwájú díẹ̀díẹ̀; bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, yóò fà á padà. Ẹni tó mọ ọkọ̀ rẹ̀ ń fi etí àti ọwọ́ ṣe ohun tí sípíríǹgì àti irin ń ṣe lónìí. Ọgbọ́n gidi ni. Kò sì sí ìran awakọ̀ kankan lẹ́yìn wọn tó tún sún mọ́ ẹ́ńjìnì tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni Charles Kettering. Ní ọdún 1909, òun àti Edward Deeds dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Dayton, Ohio, tí wọ́n gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí Delco. Ní ọdún 1910, ọkọ̀ Cadillac bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà iná tí Kettering ṣe: bátìrì, kọ́ìlì kan ṣoṣo, kọ́ńtáàtì kan, àti rótọ̀ tó ń yí láti pín iná fún gbogbo sìlíńdà. Nínú ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912, ó fi sítátà oníná mànàmáná kún un, ọ̀rọ̀ fífi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ìtàn. Ìlànà Kettering borí mágínẹ́tò nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀ àti nítorí pé kò ṣòro láti tan. Bosch pàápàá, ọ̀gá mágínẹ́tò, gbé ìlànà bátìrì jáde ní ọdún 1925. Láti ìgbà náà títí di nǹkan bí ọdún 1980, inú ọ̀pọ̀ jù lọ délíkò ayé kò yàtọ̀ púpọ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ṣe pé. Ọ̀pá délíkò ń yí ní ìdajì eré kíráǹkì. Kámù onígun mẹ́rin wà lórí rẹ̀ fún ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́rin. Gbogbo ìgbà tí igun kan bá gbé ẹnu kọ́ńtáàtì sókè, iná inú kọ́ìlì yóò já, iná ńlá yóò sì ta ní púlọ́ọ̀gì. Bí kíráǹkì bá yí ní ìgbà 4000 ní ìṣẹ́jú kan, iná ń ta ní ìgbà 8000, èyí tó lé ní ìgbà 130 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọndẹ́nsà kékeré ló ń gba ẹnu kọ́ńtáàtì lọ́wọ́ jíjó. Bí ó bá bàjẹ́, ẹnu náà yóò dúdú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láàárín ọdún 1920 sí 1940 ni ohun méjì tó gba ọ̀pá lọ́wọ́ awakọ̀ tàn kálẹ̀. Èkíní ni irin méjì tó ń là síta bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, tí sípíríǹgì ń dá dúró. Wọ́n ń yí kámù síwájú. Èkejì ni agolo pẹlẹbẹ tó ń gba ìfà afẹ́fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀. Nígbà tí awakọ̀ kò bá tẹ títẹ̀ epo mọ́lẹ̀ jù, tí epo inú sìlíńdà sì ń jó pẹ̀lẹ́, ó ń fi iná síwájú sí i kí epo lè pẹ́.

Kí sípíríǹgì méjì náà ó le tó mélòó, kí irin méjì náà ó wúwo tó mélòó, kí agolo náà ó fà tó mélòó? Ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ láti ẹ́ńjìnì sí ẹ́ńjìnì. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹ́ńjìnì rẹ̀ sórí ìdánwò, wọ́n sì ń ya ìlà tó fi ìṣíwájú iná hàn fún eré kọ̀ọ̀kan. Ìlà yìí ni wọ́n fi irin àti sípíríǹgì kọ sínú délíkò. Láti ìgbà yìí ni yíyan délíkò fi di ọ̀rọ̀ pàtàkì. Délíkò méjì lè wọ ihò kan náà, kí ìdérí wọn jọra, kí wọ́n sì mú ẹ́ńjìnì kan náà ṣiṣẹ́, kí ìlà inú wọn má sì bára dọ́gba rárá.

Ohun kan tún wà tó ń pinnu ìlà náà, òun ni epo. Kettering yìí kan náà ni ọ̀gá ilé ìwádìí tí Thomas Midgley ti ń wá ohun tí yóò dá ìró kan-kan-kan ẹ́ńjìnì dúró, ìró tó ń jáde nígbà tí epo bá fi ara rẹ̀ jó kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1921 ni wọ́n rí i pé èròjà kan tó ní òjé ń dá a dúró, ní oṣù Kejì ọdún 1923 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo olójé ní Dayton. Epo náà gba àwọn oníṣẹ́ láyè láti fún àdàpọ̀ inú sìlíńdà pọ̀ sí i, kí wọ́n sì ti iná síwájú sí i. Ó tún ń fi òjé sínú afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọdé ń mí, èyí tí ayé máa san gbèsè rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín Togo. Apá ìlà-oòrùn, tí Atakpamé àti Anié wà, bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n fa ojú irin kọjá Anié dé Blitta, wọ́n sì ń fẹ ojú ọ̀nà mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ ojú irin du ẹrù. Nígbà tí ogun kejì parí, Peugeot gbé 203 jáde ní ọdún 1948, ó gbé 403 tẹ̀ lé e ní ọdún 1955, ó sì gbé 404 jáde ní ọdún 1960, ọdún kan náà tí Togo gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin. Ẹ́ńjìnì 404 ní ìwọ̀n 1618 cc; kò ṣòro láti tú, kò sì ṣòro láti tò. Ọkọ̀ náà gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n fi tapólì bò ló di ọkọ̀ ìgbèríko láti Lomé títí dé àríwá.

Ọdún 1968 ni ọdún tí ohun méjì ṣẹlẹ̀ pọ̀. Wọ́n ṣí èbúté ńlá Lomé, Peugeot sì gbé 504 jáde. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ 1796 cc, kò sì pẹ́ tí 1971 cc fi dé. Láti orí ọkọ̀ ojú omi ní Lomé, ọkọ̀ àti ẹ̀yà ara rẹ̀ ń gun òkè bọ̀ gba Notsé àti Atakpamé dé Anié. Délíkò Ducellier tàbí SEV-Marchal ni wọ́n ń bá wá, ilé iṣẹ́ Faransé méjèèjì. Peugeot kò fún gbogbo 504 ní délíkò kan náà. Ti ọkọ̀ kékeré, ti ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ fọ́n epo wọlé, àti ti ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n dín ìfúnpọ̀ rẹ̀ kù kí ó lè jẹ epo tí kò dára, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìlà wọn. Lẹ́tà àti nọ́ńbà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sára irin ló fi wọ́n hàn. Apá kan nínú àwọn 504 sì jẹ́ ti dísù, wọn kò ní délíkò rárá; ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì fi máa ń bèèrè irú ẹ́ńjìnì kí ó tó dáhùn ìbéèrè kankan.

Ìgbà yẹn náà ni ìlànà táímíìnì, ìyẹn títo àsìkò iná, dúró bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Mẹkáníìkì kì í fọwọ́ kan délíkò kí ó tó tún ẹnu kọ́ńtáàtì ṣe, nítorí pé bí ẹnu náà bá fẹ̀ sí i, iná ń yá. Bí ó bá sún mọ́ra, iná ń pẹ́. Àlàfo 0.40 mm ni ó wọ́pọ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n kì í fi àlàfo nìkan ṣe é: nínú 90° tí igun kámù kan ní, kọ́ńtáàtì Ducellier gbọ́dọ̀ wà ní pípadé fún nǹkan bíi 57°, nígbà tí ti Bosch tó wà nínú Volkswagen wà láàárín 44° àti 50°. Lẹ́yìn èyí ni yóò yí ẹ́ńjìnì títí kíráǹkì yóò fi dé àmì rẹ̀. Ní ara Peugeot àtijọ́, ihò kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé fíláìwíìlì tí wọ́n ń ki ọ̀pá irin bọ̀. Bí ọ̀pá náà bá bọ́ sínú àlàfo fíláìwíìlì, àsìkò iná ti dé. Mẹkáníìkì yóò wá so gílóòbù kékeré mọ́ ẹnu kọ́ńtáàtì, yóò tú ìdè délíkò, yóò sì yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí gílóòbù yóò fi ṣẹ́jú. Níbẹ̀ ni yóò ti dè é.

Àìmọ̀ kan wà tó ti mú ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lórí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Japan ṣìnà lórí Peugeot. Sìlíńdà kìíní Peugeot ò sí níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀. Ẹ̀yìn ló wà, ní ẹ̀gbẹ́ fíláìwíìlì. Ọ̀nà tí iná ń gbà pín ni 1-3-4-2. Bí ènìyàn bá kà á láti iwájú, ètò náà á ṣì bára mu, nítorí pé 1 àti 4 ń gòkè pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi wáyà 4 sí ibi tí wáyà 1 yẹ kó wà, tí kò sì yí rótọ̀ padà, iná yóò ta nígbà tí èéfín ń jáde. Ẹ́ńjìnì kò ní tan, yóò kàn máa tú iná sẹ́yìn gba kábúrétọ̀.

Ní ìlà-oòrùn, lẹ́yìn Benin, Nàìjíríà ti ń to ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kaduna, ti Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Lagos, ní ọ̀nà Badagry, lọ́dún kan náà. Ọkọ̀ Volkswagen tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ìjàpá ní délíkò Bosch. Ọ̀nà tí iná rẹ̀ ń gbà pín ni 1-4-3-2. Sìlíńdà kẹta ń gbóná ju àwọn yòókù lọ, nítorí náà, nínú àwọn délíkò kan, wọ́n gé igun kámù rẹ̀ kí iná rẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹ̀yà ara àkọ́kọ́ tán, ọ̀pọ̀ ènìyàn ra délíkò Bosch tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 009, nítorí pé ó wọ́pọ̀, kò sì wọ́n. Irin àti sípíríǹgì nìkan ló ní. Kò ní agolo ìfà. Lórí ẹ́ńjìnì oníkábúrétọ̀ kan, ọkọ̀ náà máa ń ṣiyèméjì nígbà tí awakọ̀ bá kọ́kọ́ tẹ títẹ̀, nítorí pé wọ́n ṣètò kábúrétọ̀ rẹ̀ fún délíkò tó ń gbọ́ ìfà afẹ́fẹ́. Délíkò tí ó rọrùn jù láti rí gba ipò èyí tó bá a mu.

Lẹ́yìn ọdún 1980 ni ohun gbogbo yí padà ní ẹ̀ẹ̀kan. Nàìjíríà dín iye owó náírà kù ní ọdún 1986, ọkọ̀ tòkunbọ̀ sì ya wọlé. Ní oṣù Kínní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó CFA kù sí ìdajì. Ohun tí wọ́n ń rà ní Faransé ní 50 franc CFA di 100. Kọ́ńtáàtì tuntun, ìdérí tuntun, rótọ̀ tuntun, gbogbo wọn di ohun tí awakọ̀ ìgbèríko ń ronú kí ó tó rà. Ọkọ̀ àlòkù tí ó ti èbúté Lomé àti Cotonou wọlé di ohun tí wọ́n ń tú, délíkò inú rẹ̀ sì di ọjà. Láti ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ gidi ti bẹ̀rẹ̀. Délíkò ọkọ̀ kékeré ń wọ inú ọkọ̀ akẹ́rù, délíkò ẹ́ńjìnì 1971 cc ń wọ inú 1796 cc, sípíríǹgì tó ti rọ̀ ń bá sípíríǹgì tó le ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọkọ̀ ń rìn, ṣùgbọ́n ó ń jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pá èéfín rẹ̀ ń pọ́n tó bá ru ẹrù gun òkè Atakpamé, tàbí kí ó máa lù kan-kan-kan títí písítìnì yóò fi lu ihò. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí àwọn ènìyàn sọ pé ó gbó, délíkò àjèjì ló pa á.

Nígbà tí èyí ń lọ, ayé ti ń kọ ẹ̀yìn sí délíkò fúnra rẹ̀. Chrysler fi iná elẹ́kítírọ́níìkì sí gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1973, ẹnu kọ́ńtáàtì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Ní ọdún 1979, Bosch gbé Motronic jáde nínú BMW: kọ̀ǹpútà kan tó ń pinnu epo àti àsìkò iná pọ̀. Lẹ́yìn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ní kọ́ìlì tirẹ̀ lórí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí rótọ̀ tó ń yí mọ́. Ọ̀kadà tí àwọn ará Togo ń pè ní zémidjan, tó kún ojú ọ̀nà Anié láti ìgbà náà, kò mọ délíkò rí láé. Iye mẹkáníìkì tó lè fi gílóòbù ṣe táímíìnì ń dín kù, ṣùgbọ́n àwọn Peugeot àtijọ́ kò tíì kúrò nílẹ̀.

Epo náà tún yí padà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà pàdé ní Dakar, wọ́n pinnu láti jáwọ́ nínú epo olójé. Nígbà tí oṣù Kínní ọdún 2006 bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti jáwọ́. Afẹ́fẹ́ àwọn ìlú dára sí i fún ọmọ. Fún ẹ́ńjìnì àtijọ́, ìyípadà náà ní àbájáde méjì. Òjé ti ń dáàbò bo ìjókòó fáàfù, irin tó rọ̀ níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Èkejì ni ti táímíìnì: àmì tí ilé iṣẹ́ fi sí ara fíláìwíìlì nígbà epo olójé kò jẹ́ ìdáhùn ìkẹyìn mọ́. Epo tí wọ́n ń fi jálá tà lẹ́bàá ọ̀nà, tí àwọn ará Togo ń pè ní boudè, kò ní ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Awakọ̀ tó bá ra a níbì kan lónìí, tó sì ra òmíràn níbòmíràn lọ́la, ń gbé epo méjì sórí àsìkò iná kan ṣoṣo. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń fa iná sẹ́yìn ní dígírì díẹ̀ sí ti ìwé, wọ́n sì ń gbà kí agbára dín kù díẹ̀ kí písítìnì lè pẹ́.

Ní àsìkò tí a wà yìí, ẹni tó bá ní 404 tàbí 504 oníbẹntiróòlù ní Anié ní ọ̀nà mélòó kan. Ó lè wá délíkò Ducellier tí lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ bá ẹ́ńjìnì rẹ̀ mu, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó wò ó bóyá ọ̀pá rẹ̀ ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tó kù lọ, nítorí pé ọ̀pá tó ń mì máa ń sọ àlàfo ẹnu kọ́ńtáàtì di oríṣiríṣi ní igun kọ̀ọ̀kan, kò sì sí táímíìnì tó lè dúró lórí rẹ̀. Ó lè fi ẹ̀rọ elẹ́kítírọ́níìkì kékeré rọ́pò kọ́ńtáàtì nìkan, kí irin méjì àti agolo ìfà máa ṣe iṣẹ́ wọn lọ. Bí owó bá wà, ó lè ra délíkò tuntun tó dọ́gba ní ìta ṣùgbọ́n tó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà nínú, bíi 123ignition tí wọ́n ń ṣe ní Netherlands, tí ìlà ìṣíwájú 16 wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ yan. Ìbéèrè tí ẹni tó ń rà gbọ́dọ̀ dáhùn kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó ya ìlà fún Peugeot 504 ní ọdún 1968: irú ìfúnpọ̀ wo ló wà nínú sìlíńdà, irú epo wo ni ọkọ̀ ń jẹ, irú ẹrù wo ló ń gbé? Ọkọ̀ tó ń gbé àgbàdo kún ẹnu láti ọjà Anié kò fẹ́ ìlà kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn méjì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn tí gílóòbù bá ti ṣẹ́jú ní ibi tó yẹ, iṣẹ́ kò tíì parí. Wọ́n máa ń fi ẹrù sí ọkọ̀ náà, wọ́n á darí rẹ̀ sí gúúsù níbi tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Anié ti parí, tí òkè Atakpamé ti bẹ̀rẹ̀. Lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, pẹ̀lú jíà kẹta, awakọ̀ yóò tẹ títẹ̀ dé ìsàlẹ̀ láìyí jíà. Bí ó bá gbọ́ kan-kan-kan ìṣẹ́jú àáyá kan péré tó sì dákẹ́, àsìkò iná ti sún mọ́ ohun tí ẹ́ńjìnì náà fẹ́. Bí ìró náà kò bá dáwọ́ dúró, wọ́n á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á tú ìdè délíkò, wọ́n á yí i padà ní ìwọ̀n bí ìdajì dígírì, wọ́n á sì tún un gùn.